Yìnyín Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Wa

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó jókòó ní kíláàsì rí tí kò mọ òwe tí ó sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo fi parí àròkọ kan nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, olùkọ́ mi sì fún mi ní máàkì rere. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí òwe wà lẹ́nu ẹni, ọ̀tọ̀ ni kí ó wà lọ́wọ́ ẹni. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ní ilẹ̀ òkèèrè ni ó kọ́ mi ní òwe yìí lẹ́ẹ̀kejì, owó ẹ̀kọ́ tí mo san kò sì kéré. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé kì í ṣe àpò tèmi nìkan ni owó náà ti jáde. Ọ̀ràn náà ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ kàwé sí i ní òkè òkun.

Ní oṣù Ògún ọdún 2013 ni mo dé ìpínlẹ̀ Minnesota, ní òkè àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo bá lọ. Mo ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ nílé, orí mi sì wú díẹ̀, kí n má purọ́ fún yín. Brooklyn Park ni mo ń gbé, ìlú kan tí ó fara ti Minneapolis, tí àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pàápàá àwọn ará Làìbéríà, pọ̀ sí. Èmi àti ọkùnrin kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ni a jọ gba yàrá méjì. A kò bá ara wa tan. Ilẹ̀ òkèèrè ni ó sọ wá di ọmọ ìyá. Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, Bọ̀dá ni mo sì ń pè é. Òru ni ó fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kò sì ní ọkọ̀. Èmi ni mo ra ọkọ̀ àlòkù kan ní oṣù Ọ̀wàrà, tí àwa méjèèjì jọ ń lò.

Ní ọwọ́ òsì ilé wa, bàbá arúgbó kan ń gbé, òyìnbó ni, mẹkáníìkì ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Níbẹ̀, orúkọ lásán ni ọmọdé fi ń pe àgbà, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Bàbá ni mo ń pè é, nígbà tí ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Bélú, kí òtútù tó wọlé gan-an, ó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi, ó sì wọ́ ẹsẹ̀ wá bá mi. Ó na agolo kékeré kan sí mi.

Ó ní, "Ọmọ, gba èyí. Sílíkóònù ni. Nu rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ títí yóò fi mọ́ tí yóò sì gbẹ, kí o wá fi èyí pa á, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ti búùtù. Bí o kò bá ṣe é, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí o ó kan ilẹ̀kùn tí kò ní dá ọ lóhùn."

Mo dúpẹ́, mo gba agolo, mo sì sọ ọ́ sábẹ́ ìjókòó. Mo ní nínú ọkàn mi pé, kí ni bàbá yìí fẹ́ fi hàn mí? Èmi tí mo lè kọ ọ́ sórí pátákó pé kílójúùlù 334 ni ooru tí yóò yọ́ kílò yìnyín kan, ṣé rọ́bà ilẹ̀kùn ni n ó wá máa fi ìpara pa bí ọmọ tuntun?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí òtútù ọ̀hún ti rí, nítorí ẹni tí kò dé ibẹ̀ lè rò pé ọyẹ́ wa ni ó kàn le díẹ̀ sí i. Nílé, yìnyín ni a mọ̀, èyí tí ń bá òjò bọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Òjò dídì àti ìrì dídì, inú Bíbélì ni púpọ̀ nínú wa ti pàdé wọn. Ní Minnesota, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di aládùúgbò mi, mo sì wá mọ ìwà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò dídì a máa bọ́ láti òkè bí ẹ̀gbọ̀n òwú; bí kò bá tíì pẹ́ lórí ọkọ̀, ìgbálẹ̀ lásán tó láti gbá a kúrò. Ìrì dídì kì í bọ́ láti òkè rárá. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ti ń wá lẹ̀ mọ́ gíláàsì ní òru tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, nítorí gíláàsì a máa tú ooru ara rẹ̀ sí ojú ọ̀run títí yóò fi tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí ó sùn sábẹ́ òrùlé kì í fi í ní ìrì dídì tó èyí tí ó sùn síta gbangba.

Yìnyín ni ó burú jù nínú wọn. Omi ni, tí ó ṣàn wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀, tí ó sì dì síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni í sún kì bí ó bá dì, ṣùgbọ́n omi kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ó ń tóbi sí i, bí ìdá 9 nínú 100. Bí ó bá wà láàárín rọ́bà àti irin ilẹ̀kùn, yóò kún gbogbo ihò wínníwínní tí ó wà níbẹ̀, yóò sì so rọ́bà mọ́ irin bí àtè ti ń so ẹyẹ mọ́ ẹ̀ka igi. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé ẹyẹ tí ó bá ń jà nínú àtè, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni ó ń fà tu.

Ìgbà òtútù ọdún náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ pàápàá ń ráhùn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2014, gómìnà ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ti àwọn ọmọdé títí dé ti gírámà, ti ilẹ̀kùn wọn, nítorí òtútù nìkan. Bí ènìyàn bá fa èémí sínú ní àárọ̀, irun imú rẹ̀ yóò dì.

Bọ̀dá ti gbọ́ ìròyìn kan ṣáájú ìgbà náà. Ní oṣù Ọ̀pẹ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago láti ilé pé ìyá rẹ̀ ti dolóògbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ó ti fojú kan ìyá náà kẹ́yìn, nítorí ìwé tí yóò jẹ́ kí ó lè lọ kí ó sì padà kò tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní oṣù Bélú ni ìwé náà dé. Ó ti ń ra aṣọ sínú àpótí fún ìyá rẹ̀, ó ní bí ó bá di Àjíǹde òun yóò lọ kí i. Ikú kò dúró de Àjíǹde. Àwọn ẹbí jókòó, wọ́n sì fi ìsìnkú sí ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Bọ̀dá ni àkọ́bí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà wí, pé ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Àkọ́bí ni yóò sì kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí ibojì.

Ìwé ìrìnnà tí ó rà yóò gbé e kúrò ní Minneapolis ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́rú, yóò wọ ọkọ̀ òfurufú mìíràn ní Atlanta, yóò sì dé Èkó ní ọjọ́bọ̀. Ìyẹn ni pé yóò sùn nílé ní alẹ́ ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ ọjọ́ ìsìnkú yóò sì mọ́ bá a níbẹ̀.

Ó bi mí pé, "Àbúrò, ṣé wàá lè gbé mi dé pápá ọkọ̀ òfurufú? Bí kò bá ní rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí n yáa bá onítakisí sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ ń wí yìí? Kí ẹ lọ sin ìyá yín, kí onítakisí wá gbé yín? Ẹ má dààmú rárá."

Nígbà tí ó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wo ọkọ̀ mi, mo rí i pé ó dọ̀tí. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú títì níbẹ̀ kí yìnyín má baà dì, iyọ̀ náà a sì máa ta sí ara ọkọ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi funfun bí ẹni tí ó yí nínú eérú. Mo ní a kì í fi ọkọ̀ onídọ̀tí gbé ọmọ olóòkú ní ilẹ̀ wa. Mo wa ọkọ̀ náà lọ sí ilé ìfọkọ̀, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lókè nílẹ̀, mo ṣí àwọn ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo sì fọ ẹnu wọn pẹ̀lú. Mo fi aṣọ nu bọ́nẹ́ẹ̀tì títí ó fi ń dán, ṣùgbọ́n n kò nu rọ́bà. Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n oòrùn ibẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ dà bí iná inú àwòrán: a ń rí i, kò móoru.

Bí mo ti dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá yọjú láti ilé rẹ̀. Ó wo ọkọ̀, ó wo ojú ọ̀run, ó sì bi mí pé, "Ṣé o nu ẹnu ilẹ̀kùn gbẹ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Irọ́ ni mo pa. N kò tilẹ̀ mọ ìdí tí mo fi pa á. Bóyá ó rẹ̀ mí láti máa gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó mi orí, ó sì wọlé lọ.

Ní òru ọjọ́ náà, òtútù lọ sí ìwọ̀n 25 Celsius nísàlẹ̀ òdo. A jí ní agogo mẹ́ta ààbọ̀. Bọ̀dá wọ ẹ̀wù, ó dé fìlà, a sì gbé àpótí méjì jáde. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀, ó yí; mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, mo fà á. Ilẹ̀kùn kò mì. Mo tún fà á. Ó dà bí ẹni pé ara ọkọ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, pé kò fi ìgbà kankan jẹ́ ilẹ̀kùn rí.

Bọ̀dá ní, "Àbúrò, rọra o."

Èmi kò rọra. Mo lọ sí ilẹ̀kùn kejì, mo fà á títí, òun náà kò ṣí. Mo padà sí ti àkọ́kọ́, mo fi ẹsẹ̀ kan ti ara ọkọ̀, mo sì fi gbogbo agbára mi fà á. Mo gbọ́ tí nǹkan ya, bí ìgbà tí aṣọ bá ya. Rọ́bà òkè ilẹ̀kùn ni, ó ti já kúrò ní ipò rẹ̀. Bí mo ti fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ ilẹ̀kùn ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́. Ike ni, òtútù ti sọ ọ́ di ohun tí ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ.

Nígbà náà ni mo sáré wọlé, mo gbé kẹ́tùlù kaná. Bọ̀dá bi mí bóyá omi gbígbóná kò ní ba nǹkan jẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyí." Mo da omi tí ó ń hó náà sí òkè ilẹ̀kùn, mo sì da ìyókù sí gíláàsì iwájú tí ìrì dídì ti bò. Ìrì dídì yọ́ lóòótọ́, inú mi sì dùn fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni gíláàsì dún kàù. Òkúta ọ̀nà ti ha á díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ibẹ̀ ni ó ti là, ó là láti etí dé etí. Omi tí mo dà sí ilẹ̀kùn sì ṣàn lọ sí àlàfo rẹ̀, ó dì síbẹ̀ lójú wa, ilẹ̀kùn sì wá le ju ti ìṣáájú lọ.

Mo pe onítakisí. Wọ́n ní gbogbo ìlú ni ó ń pè wọ́n ní àárọ̀ náà, kí a dúró tó wákàtí kan. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ti kọjá. Bọ̀dá dúró ti àpótí rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo rí i tí ó ń wo ojú títì bí ẹni pé ọkọ̀ kan lè ṣàdédé yọ.

Iná ilé Bàbá tàn. Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lórí aṣọ ìsùn. Ó wo rọ́bà tí ó ya, ó wo ọwọ́ ilẹ̀kùn tí ó wà lọ́wọ́ mi, ó wo gíláàsì tí ó ń là sí i, ó sì wo kẹ́tùlù. Kò bá mi wí. Ó lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tí n kò tíì fọwọ́ kàn. Kò fà á. Ó fi èjìká tì í, ó tì í lókè, ó tì í láàárín, ó tì í nísàlẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ìkúùkù gbá etí rẹ̀ yí ká. Mo gbọ́ tí yìnyín ń fọ́ wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Ó wá di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ìka méjì, ó sì ṣí i. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Ó ní, "Ẹ lè wọlé báyìí, ṣùgbọ́n gíláàsì yìí kò ṣe é wà lọ sí ọ̀nà. Ẹ gbé ẹrù yín sínú ọkọ̀ mi."

Bí 20 máìlì ni ó wà láàárín ilé wa àti pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀nà ń yọ̀, jàǹbá kan sì ti dí i ní ibì kan. Nígbà tí a ó fi dé ibẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo mẹ́fà ààbọ̀ lù. Obìnrin tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ mi orí. Ó ní wọ́n ti pa ìwé dé. Àwọn ọkọ̀ òfurufú mìíràn tí ó lè bá ti Èkó ní Atlanta lọ́jọ́ náà ti kún. Ọ̀la ni àyè wà.

Bọ̀dá jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó dákẹ́ pẹ́ títí. Ìbá sàn fún mi bí ó bá bú mi. Ohun tí ó wí ni pé, "Ó ti ṣẹlẹ̀, àbúrò." Bàbá náà ṣí fìlà tirẹ̀, ó sì dúró tì í bí ẹni tí ó wà níbi òkú. Kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí à bá ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó gbé e lọ. Bọ̀dá dé Èkó ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú láìwẹ̀, láìjẹun. Àwọn ẹbí dúró dè é títí wọn kò fi lè dúró mọ́. Àbúrò rẹ̀ ni ó bu erùpẹ̀ sí ibojì. Gbólóhùn kan ni Bọ̀dá fi sọ fún mi lórí fóònù: "Wọ́n ti bò ó kí n tó dé."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò sùn lóru náà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá kan ilẹ̀kùn wa. Mo rò pé ó wá bá mi sọ̀rọ̀ irọ́ tí mo pa. Ó ní, "Mo rí i lọ́jọ́ náà pé ẹnu ilẹ̀kùn tutù. Ó yẹ kí n mú aṣọ gbígbẹ jáde fúnra mi. Ẹ̀bi mi náà wà níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó fọ́ ohun tí ó ti dì nínú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọdé. Ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó sì ní kí n mú agolo jáde láti abẹ́ ìjókòó.

Mo kọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá dì, ẹ kọ́kọ́ dán gbogbo ilẹ̀kùn wò, àti ti búùtù. Ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo wọn dì bákan náà. Ẹ tì í kí ẹ tó fà á, nítorí títì ni ó ń fọ́ yìnyín, fífà ni ó ń ya rọ́bà. Bí ihò kọ́kọ́rọ́ bá dì, ẹ fi iná ìṣáná mú kọ́kọ́rọ́ gbóná díẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, ẹ má sì fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, nítorí omi wà nínú èémí, yóò sì dì pẹ̀lú. Ẹ po sípíríìtì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ mọ́ omi, ìdá méjì sípíríìtì sí ìdá kan omi, kí ẹ fọ́n ọn sí gíláàsì. Yìnyín yóò rọ̀. Ọtí gidi kì í dì àfi bí òtútù bá dé ìwọ̀n 114 Celsius nísàlẹ̀ òdo. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé ọtí kan wà nílé wa tí a ń pè ní ògógóró, tí mo rò pé ó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́.

Ó kọ́ mi pé kí n tó ṣáná sí ọkọ̀, kí n yẹ ẹnu sálẹ́ńsà wò. Bí òjò dídì bá dí i, èéfín ẹ́ńjìnnì lè wọ inú ọkọ̀. Èéfín náà ní májèlé tí kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Ó kọ́ mi pé kí n má tan wáípà nígbà tí ó ṣì lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kí n má sì tẹ bọ́tìnnì fèrèsé tí ó ti dì, nítorí ẹ̀rọ inú wọn yóò bàjẹ́. Kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fẹ́ ooru sí gíláàsì díẹ̀díẹ̀, kí n máa fi ike ha ìrì dídì kúrò. Bí mo bá fẹ́ sùn, kí n fi páálí bo gíláàsì iwájú. Kí n gbọn òjò dídì kúrò lẹ́sẹ̀ kí n tó wọ ọkọ̀, bí mo bá sì dúró, kí n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ kí ooru tí ó ní omi nínú jáde, kí ó má baà dì sí inú gíláàsì lóru. A ra rọ́bà tuntun, ó sì fi hàn mí bí a ti ń nu ún, bí a ti ń gbẹ ẹ́, bí a ti ń fi sílíkóònù pa á.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí èyí tí n kò mọ̀ nínú ìwé. Mo mọ̀ pé gíláàsì kì í gbé ooru kọjá kíákíá, pé bí ojú kan rẹ̀ bá gbóná lójijì tí ojú kejì sì tutù, ojú tí ó gbóná yóò fẹ́ gbòòrò, èkejì kò ní gbà, yóò sì là. Mo ti dáhùn irú ìbéèrè yìí rí nínú ìdánwò. Gbogbo wa tí a kọ́ físíìsì ni a sì mọ ìtàn Erasto Mpemba, ọmọ Tanzania, ẹni tí ó kíyè sí i ní ọdún 1963, nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́, pé wàrà tí ó gbé sínú ẹ̀rọ amóhun-dì nígbà tí ó ṣì gbóná dì ṣáájú èyí tí ó ti tutù. Olùkọ́ rẹ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà. Kò dákẹ́, ó bi Denis Osborne, olùkọ́ físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Dar es Salaam, ẹni náà dán an wò, àwọn méjèèjì sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1969. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn náà púpọ̀, nígbà gbogbo ni mo sì ń fi ara mi sí ipò Mpemba, ọmọ kékeré tí ó rí ohun tí àwọn àgbà kò rí. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èmi gan-an lè jẹ́ olùkọ́ tí ó ń rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti pa rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fi ọkọ̀ náà lọ pàdé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lójú gbogbo ènìyàn, nínú pápá ọkọ̀ òfurufú, àwọn òyìnbó sì ń wò mí. Ó fà mí dìde. Nígbà tí a délé, ó tú àpótí, ó yọ igbá kékeré kan tí ó fi ọ̀rá wé. Òrí ni ó wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Inú yàrá ìyá mi ni mo ti bá a. Ó ti lò ó dé ìdajì. Mo gba ìyókù lọ́wọ́ wọn, mo ní mo ní àbúrò kan tí rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ gbẹ."

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. Òun ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Mo gbé òrí náà lọ fi han Bàbá. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka mú díẹ̀, ó sì mi orí. Ó ní ọ̀rá dáadáa ni, ṣùgbọ́n yóò le gbagidi nínú òtútù, kò sì ní ṣe rọ́bà lóore. Òróró epo rọ̀bì náà a máa mú rọ́bà wú, ìdí nìyí tí òun fi ń lo sílíkóònù. Ó wá wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀, tí òtútù ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ó bu òrí díẹ̀ sí i, ó sì rọra fi ra á. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí tèmi. Láti ọjọ́ náà títí òtútù fi lọ, sílíkóònù Bàbá wà lára ilẹ̀kùn mi, òrí ìyá Bọ̀dá sì wà lára àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ti wà nílé báyìí, níbi tí omi kì í dì bí kò ṣe nínú fíríìjì. Síbẹ̀, bí mo bá fọ ọkọ̀, mo máa ń nu ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ gbẹ. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa bi mí ìdí rẹ̀, mo sì máa ń sọ pé ẹnì kan ni mo jẹ ní gbèsè. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ìwé yín yóò wúlò fún yín níbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé mo ń bu ìwé kù. Ṣùgbọ́n bí àgbà kan bá na agolo kékeré kan sí yín kí òtútù tó dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ sábẹ́ ìjókòó.